Ọkọ̀ Lè Fà Á, Ṣé Ó Lè Rù Ú?

Ní 1954, fíìmù ẹlẹ́rìn-ín kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní The Long, Long Trailer. Lucille Ball àti Desi Arnaz, tọkọtaya gidi nígbà náà, ló ṣe ọkọ àti ìyàwó inú rẹ̀. Ọmọ Santiago de Cuba ni Arnaz. Orin «Babalú» wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, Babalú tí orin náà sì ń ké pè ni Ọbalúayé tí àwọn Yorùbá gbé dé Kúbà. Nínú fíìmù náà, tọkọtaya tuntun ra ilé oní-táyà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36, wọ́n so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó di ojú ọ̀nà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ni ìyàwó ti ń ṣa òkúta ìrántí. Ọkọ ní kó dà wọ́n nù kí wọ́n tó gun òkè. Ìyàwó kó wọn pamọ́ sínú ilé náà. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà tóóró tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkúta ń yí gbirigbiri lẹ́yìn, ọkọ̀ ń mí hẹlẹ níwájú, àyà àwọn méjèèjì sì ń já.

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ìbéèrè tó wà lábẹ́ ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ní Èkó, bí ènìyàn bá pe tírélà, ọkọ̀ gàgàrà tó ń gbé kóńténà jáde ní Àpápá ló ń rò. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́ nǹkan mìíràn: ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tí wọ́n kàn sórí táyà méjì tàbí mẹ́rin, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí ìdílé ń fi mọ́tò ara wọn fà lọ síbi ìgbafẹ́. Caravan ni wọ́n ń pè é ní Ìlú Ọba. Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, ilé àfàkiri ni yóò máa jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti fìdí kalẹ̀ sí Houston tàbí Maryland ló ní Highlander, Sienna tàbí Pilot nílé, àwọn ọkọ̀ tí ojú ará Ìbàdàn náà mọ̀ dunjú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ilé ìtajà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi oníṣòwò ni pé, «Ṣé ọkọ̀ mi á lè fà á?»

«Á fà á dáadáa,» ni oníṣòwò sábà máa ń wí. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kù síbì kan. Yorùbá mọ̀ pé ẹrù tí a fà yàtọ̀ sí ẹrù tí a rù. Ilé àfàkiri ń gba iṣẹ́ méjèèjì lọ́wọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọkọ̀ ń fà á, ó sì tún ń ru apá kan rẹ̀ sí ìdí. Nọ́ńbà fífà ni ìpolówó ń pariwo. Nọ́ńbà rírù ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Ibi tí nọ́ńbà fífà ti wá

Kó tó di 2008, kò sí ìlànà kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà jọ ń tẹ̀ lé. Oníkálukú ló ń fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wọn ọkọ̀ tirẹ̀. Ọdún náà ni SAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, gbé ìlànà J2807 jáde. Toyota ló kọ́kọ́ gbà á, fún àwọn ọkọ̀ 2011, nọ́ńbà píkọ́ọ̀pù Tundra rẹ̀ sì wálẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn yòókù ń wojú ara wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò dín tirẹ̀ kù ṣáájú. Nígbà tó fi máa di ìgbà àwọn ọkọ̀ 2015, Ford, GM àti Ram ti ń lò ó fún píkọ́ọ̀pù wọn tó wọ́pọ̀ jù.

Ìdánwò náà kì í ṣe eré ọmọdé. Apá kan rẹ̀ dá lórí òkè Davis Dam ní ìpínlẹ̀ Arizona, ojú ọ̀nà máìlì 11.4 tó ń gòkè láti ẹ̀bá odò Colorado nínú ooru aṣálẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fa ẹrù gun òkè náà láìjẹ́ kí eré rẹ̀ wá sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ amútùútù inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ lè ṣí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ìlànà náà bá kọ pọ́ùn 5,000 sára ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, jíà àti bíréèkì rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i. (Pọ́ùn ti ìwọ̀n ni Amẹ́ríkà fi ń wọn ẹrù; pọ́ùn 2,205 ló wà nínú kílò 1,000.)

Àwọn wo ló wà nínú ọkọ̀ nígbà ìdánwò? Awakọ̀ kan àti ẹnìkejì rẹ̀, pọ́ùn 150 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, kò sí kúlà ẹran, kò sí àpò ìrẹsì. Ìdílé tó bá wúwo ju ìyẹn lọ ti ń jẹ nínú nọ́ńbà náà kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu géètì.

Sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn

Bí ènìyàn bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, yóò rí sítíkà funfun kan tó ní àwọ̀ yẹ́lò lára òpó ilẹ̀kùn. Àwọn kan ti ń wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá láìka ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ìlà náà ń sọ pé àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ láéláé, ó sì kọ iye rẹ̀ ní kílò àti ní pọ́ùn. Nọ́ńbà rírù nìyẹn. Ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn jọra lè ní iye tó yàtọ̀, torí pé òrùlé gíláàsì, àga aláwọ àti ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń fa ara rẹ̀ ti jẹ nínú èyí tó jẹ́ olówó gọbọi. Èyí tó gbówó lórí jù nínú àwọn píkọ́ọ̀pù sábà máa ń jẹ́ èyí tó lè ru ẹrù tó kéré jù.

Gbogbo ohun tó bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ló wà nínú ìṣirò náà: awakọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ, ajá, irin ìkọ́ tí wọ́n dè sí ìdí ọkọ̀, àti ẹrù orí ìkọ́. Ẹrù orí ìkọ́ ni ìwọ̀n tí imú ilé àfàkiri fi ń tẹ ọkọ̀. Fún irú ilé yìí ní Amẹ́ríkà, ó yẹ kó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilé náà. Ẹni tó bá fa pọ́ùn 5,000 ti fi pọ́ùn 500 sí 750 ru ọkọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó sórí bọ́ọ̀tù.

Ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kì í fà

Àwọn oníṣòwò ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí, ìyẹn ìwọ̀n ilé àfàkiri lófìfo. Bó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́ nìyẹn: kò sí omi nínú táǹkì, kò sí abọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí bátìrì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kúrò lọ́dọ̀ oníṣòwò ni ìwọ̀n yẹn ti kú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Gálọ́ọ̀nù omi kan wọn pọ́ùn 8.34, nítorí náà táǹkì gálọ́ọ̀nù 30 jẹ́ nǹkan bíi pọ́ùn 250. Sílíńdà gáàsì kékeré méjì tó kún á tó pọ́ùn 75. Bátìrì á tó 50. Aṣọ, ìkòkò, oúnjẹ, àga ìgbafẹ́, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti irinṣẹ́ kì í pẹ́ tó fi máa di pọ́ùn 600. Bí àwọn èèyàn ilé bá sì jẹ́ irú tí kì í rìn láìgbé iṣu àti odó dání, òkúta inú fíìmù ọjọ́sí ti rí ẹlẹgbẹ́.

Nọ́ńbà kejì tó yẹ kí oníbàárà máa béèrè ni òpin ìwọ̀n ilé náà, èyí tí ilé-iṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ kọjá bí ẹrù bá ti kún inú rẹ̀. Ó wà lára àwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé náà. Ìyàtọ̀ àárín òfìfo àti òpin ni àyè tó ṣẹ́ kù fún ẹrù, àwọn ilé mìíràn sì wà tí àyè náà há gan-an. Airstream Bambi kékeré, 16RB, òpin rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 3,500, òfìfo rẹ̀ sì ti tó bíi 3,000. Ẹni tó bá fẹ́ so ó mọ́ Sienna, tí agbára fífà rẹ̀ jẹ́ 3,500 géérégé, á ti rí i pé aṣọ náà ṣe é wọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè mí nínú rẹ̀.

Ìṣirò ìdílé kan

Ká ní tọkọtaya kan ní Houston ní Highlander tó lè fa pọ́ùn 5,000, tí ilé-iṣẹ́ sì fi 500 ṣe òpin ẹrù orí ìkọ́ rẹ̀. Sítíkà ilẹ̀kùn sọ pé 1,350 ni nọ́ńbà rírù. Wọ́n rí ilé àfàkiri tí òfìfo rẹ̀ jẹ́ 3,600, inú wọn dùn, wọ́n ní àyè 1,400 ṣì kù.

Kí wọ́n kó ẹrù sí i. Gáàsì 75, bátìrì 50, omi 250, ẹrù ilé 600. Ó di 4,575. Ó ṣì kù 425 kó tó pé 5,000, fífà kò tíì ní wàhálà.

Ó wá ku rírù. Bàbá 210, ìyá 170, àwọn ọmọ 130, 90 àti 60: àpapọ̀ 660. Kúlà àti báàgì tó wà nínú ọkọ̀ 150. Irin ìkọ́ 50. Bí ẹrù orí ìkọ́ bá jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, 549 ni. Ẹ rò ó pọ̀, 1,409. Ọkọ̀ náà ti fi 59 kọjá ohun tó lè rù, ìkọ́ náà ti fi 49 kọjá òpin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oníṣòwò kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré nìkan ló ń bá irú èyí pàdé. Ford ti ṣe F-150 tí nọ́ńbà fífà rẹ̀ dé 13,500, bí wọ́n bá yan ẹ́ńjìnnì àti ìkọ́ tó yẹ. Bí èyí tó wà níwájú ilé ẹni bá ní nọ́ńbà rírù 1,500, tí a sì so ilé pọ́ùn 10,000 mọ́ ọn pẹ̀lú ìdá 13 lórí ìkọ́, 1,300 ti lọ. Igba pọ́ùn ló kù. Bàbá 210 tó jókòó nídìí sítíárìn nìkan ti kún un.

Ìdí tí wọn kò fi lè dín ẹrù orí ìkọ́ kù

Ọgbọ́n tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n kó ẹrù sẹ́yìn ilé náà kí imú rẹ̀ lè fúyẹ́. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ẹja, pàápàá bí atẹ́gùn bá fẹ́ tàbí tí tírélà ńlá bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni jíjù náà á ṣe máa le sí i, títí tí yóò fi gba ọkọ̀ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí àwọn olùkọ́ awakọ̀ ń wí ni pé kí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù wà níwájú táyà ilé náà, kí ohun tó wúwo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí jíjù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, kó mú sítíárìn dúró ṣinṣin, kó fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ilé àfàkiri nìkan. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójijì ló ń pe ìṣubú.

Fún èyí ni bíréèkì ilé náà ṣe ṣe pàtàkì tó ẹ́ńjìnnì. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: California ń béèrè bíréèkì láti pọ́ùn 1,500, Texas láti 4,500. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò mìíràn tilẹ̀ ń béèrè rẹ̀ ní ìwọ̀n tó kéré sí ti òfin, ìwé ọkọ̀ ló ń sọ ọ́.

Irin kan tún wà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń fa ilé kiri, tó ń pín ìwọ̀n orí ìkọ́ sí táyà iwájú ọkọ̀ àti sí táyà ilé àfàkiri. Ó wúlò gan-an; ìdí ọkọ̀ tó ti wọlẹ̀ á gbéra, iná iwájú kò sì ní máa tan sójú ọ̀run mọ́. Àmọ́ kì í sọ nọ́ńbà sítíkà di ńlá, bákan náà ni sípíríǹgì aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi kún ìdí ọkọ̀. Ìwé ọkọ̀ kan á ní dandan ni irin náà, òmíràn á ní èèwọ̀ ni. Kò sí ohun tó rọ́pò kíka ìwé yẹn.

Atẹ́gùn àti òkè

Ilé àfàkiri kì í wúwo nìkan, ó tún fẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lórí kẹ̀kẹ́ irin lè wọn pọ́ùn 4,000 kó sì máa la atẹ́gùn kọjá. Ilé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8 tó sì ga ní 10 dà bí ògiri tí wọ́n ń tì síwájú. Àwọn ìwé ọkọ̀ kan fi òpin sí bí iwájú ohun tí wọ́n fà ṣe lè fẹ̀ tó, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì dé ojú ìwé náà rárá.

Òkè náà ń gba tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá gùn, torí afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i. Ihò Eisenhower ní Colorado, lójú ọ̀nà I-70, ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ. Ọkọ̀ tó ń fa ilé rẹ̀ wẹ́rẹ́ ní Houston á débẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀.

Bí Ìlú Ọba ṣe ń ṣe tiwọn

Àwọn ará Ìlú Ọba gba ọ̀nà mìíràn. Ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lófìfo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Caravan and Motorhome Club ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ níyànjú pé kí ilé tó ń fà má ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wọn kílò 1,600 á fi ojú sí 1,360. Ìmọ̀ràn ni èyí. Òpin tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi lélẹ̀ ni òfin. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2021, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè fa ohun tó tó kílò 3,500 láìṣe ìdánwò mìíràn, torí náà ìṣirò náà ti bọ́ sọ́wọ́ oníkálukú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá ju kílò 750 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ní ẹbí ní ìlú méjèèjì lẹ́nu ni pé ọkọ̀ kan náà lè ní nọ́ńbà méjì. Toyota RAV4 Hybrid tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà ti ní nọ́ńbà kílò 1,650, ìyẹn pọ́ùn 3,600 ó lé, ní Ìlú Ọba. Ní Amẹ́ríkà, pọ́ùn 1,750 ni wọ́n fún irú rẹ̀ kan náà nígbà náà. Àwọn kan ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn agbẹjọ́rò ló kọ nọ́ńbà Amẹ́ríkà. Àwọn ìdí tó ṣeé fojú rí wà. Ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn ará Ìlú Ọba máa ń fi sórí ìkọ́, torí náà ìdí ọkọ̀ kì í ru púpọ̀. Ẹni tó bá sì ń fa nǹkan kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 60 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà wọn tó yá jù. California pẹ̀lú fi 55 ṣe òpin fún ẹni tó ń fa nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń jẹ́ kí wọ́n máa sá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ lo nọ́ńbà Ìlú Ọba ní Texas gbọ́dọ̀ mú eré Ìlú Ọba àti ilé àfàkiri Ìlú Ọba dání pẹ̀lú.

Àríyànjiyàn ìdá 80

Láàárín àwọn tó ti ń fa ilé kiri tipẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu wọn: kí ènìyàn má fà ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà fífà lọ. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìdá 20 tó kù wà fún òkè, atẹ́gùn àti ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Àwọn tó lòdì sí i ní ilé-iṣẹ́ ti ṣe ìdánwò, kò sì sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá gbé e ka ìdílé Houston, ìdá 80 nínú 5,000 jẹ́ 4,000. Ẹrù orí ìkọ́ á di 480, àpapọ̀ rírù á di 1,340. Pọ́ùn 10 péré ló kù lórí sítíkà. Ó bọ́ sí i fún wọn, àmọ́ ní àmúbọ́ ni. Bí ọmọ kẹrin bá wọ ọkọ̀, tàbí ìyá àgbà bá bá wọn lọ, ìdá 80 kò ní gbà wọ́n. Èyí ló mú kí ọ̀nà àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí sítíkà dára jù: kí wọ́n yọ èrò àti ẹrù kúrò nínú nọ́ńbà rírù, kí wọ́n wo ohun tó ṣẹ́ kù fún ìkọ́, kí wọ́n wá fi ìyẹn wá ilé. Ẹni tí 400 bá ṣẹ́ kù fún, tó sì fi ìdá 13 ṣírò, kò ní wo ilé tó ju bíi 3,000 lọ, ohunkóhun tí ìpolówó ìbáà wí.

Bí wọ́n bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ojú á là sí ohun tó wà lọ́jà. Ọkọ̀ tí nọ́ńbà fífà rẹ̀ jẹ́ 1,750 á wo àwọn ilé kékeré tí wọ́n kàn ń sùn sí, tàbí irú Scamp ẹsẹ̀ bàtà 13 tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tó sábà máa ń wà láàárín 1,200 sí 1,500. Sienna àti Highlander Hybrid, tí wọ́n jẹ́ 3,500, á wo ilé tí ìwọ̀n rẹ̀ bó bá kún kò ju 3,000 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ilé àfàkiri ńlá fún èèyàn mẹ́fà á nílò píkọ́ọ̀pù tí sítíkà rẹ̀ lè ru wọ́n, kò sì burú kó ra ilé ṣáájú kó tó ra ọkọ̀.

Orí òṣùwọ̀n

Gbogbo ìṣirò yìí, ìfojúdá ni títí wọ́n á fi dé orí òṣùwọ̀n. Ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Amẹ́ríkà, láwọn ibùdó tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń ra epo, CAT Scale ní òṣùwọ̀n tó ń wọn táyà iwájú ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ àti táyà ilé àfàkiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á wọn ọ́n pẹ̀lú ìdílé nínú ọkọ̀ àti ilé lẹ́yìn. Wọ́n á tú ilé náà sílẹ̀, wọ́n á tún wọn ọkọ̀ nìkan. Ohun tó fi kún ìwọ̀n ọkọ̀ nígbà tí ilé wà lórí ìkọ́ ni ẹrù orí ìkọ́ gan-an. Bí wọ́n bá padà láàárín wákàtí 24, owó àtúnwọ̀n kéré sí ti àkọ́kọ́.

Bí ìdílé Houston bá yọ ìwọ̀n ọkọ̀ nìkan kúrò nínú àpapọ̀ tó wà lára ìwé pélébé tí òṣùwọ̀n fún wọn, wọ́n á rí 4,575 kí wọ́n tó kúrò nílùú. Wọ́n lè ṣí ẹ̀rọ omi kí 250 jáde, torí omi wà níbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n lè padà sílé kí wọ́n kó 325 sílẹ̀ nínú ẹrù: kẹ̀kẹ́ méjì, àpótí irinṣẹ́, àga irin, iṣu, odó. Ó kù 4,000. Nínú fíìmù 1954, ọ̀gbun ti la ẹnu lábẹ́ tọkọtaya náà kí ọ̀rọ̀ òkúta tó dé ojú gbangba. Àwọn ti Houston á ti mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè yà sílé.